OHUN TÍ ÀLEJÒ RÍ NÍNÚ ILÉ WA

Bíbélì kíkà: 2 Àwọn Ọba 20:12–19, Nehemáyà 7:1–3

Kókó ẹ̀kọ́: Ohun tí ó wà nínú fóònù wa kì í ṣe tiwa nìkan. Ẹni tí ó bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún olè, ilé àwọn ẹlòmíràn ni ó ṣí pẹ̀lú.

ÌFÁÀRÀ

 

Ẹ̀kọ́ tí a gbé wá lè ya àwọn kan lẹ́nu. Wọ́n lè béèrè pé, kí ni ó kan ẹgbẹ́ obìnrin pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àti fóònù? Ìdáhùn wa ni pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú ẹgbẹ́ wa kí a tó pè é.

Nígbà tí ìkórè wa ku ọ̀sẹ̀ kan, akọ̀wé wa mú fláàṣì lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan láti tẹ ètò ìsìn jáde. Nígbà tí ó padà délé tí ó ki fláàṣì náà bọ kọ̀ǹpútà rẹ̀, kò rí ìwé kankan ṣí mọ́. Àkọsílẹ̀ ìpàdé ọdún mẹ́ta, orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ìṣirò owó wa, gbogbo rẹ̀ di àmì kéékèèké tí kò jẹ́ nǹkan kan. Fáírọ́ọ̀sì ti bá fláàṣì náà wálé láti ṣọ́ọ̀bù, ó sì wọ inú kọ̀ǹpútà akọ̀wé pẹ̀lú.

Èyí kò dùn wá tó ti èkejì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi kan, ẹnì kan pe ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa lórí fóònù. Ó kí wọn dáadáa, ó mọ orúkọ wọn, ó mọ ìjọ wọn. Ó ní ọ́fíìsì ìjọ ni òun ti ń pè, òun fẹ́ fi orúkọ Mama kún ìpàdé àdúrà orí fóònù. Nọ́ḿbà mẹ́fà kan yóò wọlé, kí Mama jọ̀wọ́ kà á sí òun létí. Mama kà á. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí WhatsApp wọn kò ṣí mọ́. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sí ẹgbẹ́ wa ní orúkọ Mama pé àwọn nílò ₦40,000 ní kíá, àwọn yóò dá a padà lọ́jọ́ kejì. Àwọn mẹ́ta nínú wa fi owó ránṣẹ́. Ẹni kẹta fi tirẹ̀ ránṣẹ́ nígbà tí aago mọ́kànlá alẹ́ ti lù. Opó ni, owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ sì ni.

Mama ti mọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Nítorí omijé tí a rí ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí.

ÌTÀN HESEKÁYÀ

Ọba Hesekáyà ṣàìsàn títí dé ojú ikú, Ọlọ́run sì wò ó sàn. Ọba Bábílónì gbọ́ nípa àìsàn náà, ó sì fi lẹ́tà àti ẹ̀bùn ránṣẹ́ láti kí i. Ta ni kò ní dunnú sí irú ìkíni bẹ́ẹ̀? Hesekáyà gba àwọn ìránṣẹ́ náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ó mú wọn rìn yí ilé ìṣúra rẹ̀ ká, ó fi fàdákà, wúrà, tùràrí, òróró iyebíye àti ilé ohun ìjà rẹ̀ hàn wọ́n. Kò ku nǹkan kan tí kò fi hàn.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, wòlíì Aísáyà wá bá ọba, ó sì wádìí ohun mẹ́ta lẹ́nu rẹ̀: ọ̀rọ̀ tí àwọn ọkùnrin náà bá a sọ, ibi tí wọ́n ti wá, àti ohun tí ojú wọn kàn nínú ààfin. Ọba dáhùn pé wọ́n rí gbogbo rẹ̀. Wòlíì wá sọ fún un pé ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn yóò kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Bábílónì, àti àwọn kan nínú àwọn ọmọ tí yóò ti ara rẹ̀ jáde.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun méjì. Èkíní, lẹ́tà àti ẹ̀bùn ni wọ́n mú wá, wọn kò mú idà. Èkejì, Hesekáyà fi ara rẹ̀ lọ́kàn balẹ̀ pé àlàáfíà yóò wà ní ìgbà tirẹ̀. Ẹni tí ó fi ilé hàn kọ́ ni ó jìyà rẹ̀ jù. Àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni.

Wòlíì béèrè lẹ́yìn tí àlejò ti lọ. Àwa ni kí a máa béèrè kí àlejò tó wọlé. Ohun mẹ́ta tí ó wádìí ni a ó fi pín ẹ̀kọ́ wa.

1. KÍ NI Ọ̀RỌ̀ TÍ WỌ́N MÚ WÁ?

Fáírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà kì í ṣe ẹ̀mí èṣù, kì í sì ṣe àrùn tí ń mú ènìyàn. Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ènìyàn ni. Ẹnì kan ni ó jókòó tí ó kọ àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà yóò tẹ̀ lé, bí ìgbà tí a bá kọ ìwé ìtọ́ni fún ọmọ ọ̀dọ̀. Ó kọ ọ́ pé, nígbà tí o bá dé inú ilé yìí, da ara rẹ di púpọ̀, ba èyí jẹ́, jí èyí kó, kí o sì wá ọ̀nà dé ilé kejì. Àwọn mìíràn ń dá wọlé láti ibi tí ilé ti ní ihò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè ṣe nǹkan kan títí ẹnì kan nínú ilé yóò fi ṣílẹ̀kùn. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2000, lẹ́tà kan bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ láti ìlú Manila ní orílẹ̀-èdè Philippines. Àkọlé rẹ̀ ni ILOVEYOU, èyí tí ó túmọ̀ sí pé mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ẹni tí ó bá ṣí ìwé tí wọ́n so mọ́ ọn, ìwé náà á ba àwọn àwòrán inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ jẹ́, á wá ọ̀nà láti jí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, á sì fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí àdírẹ́sì wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣe é, Onel de Guzman, fẹ́ fi ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn ẹlòmíràn wọ íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ti dé ọ̀kẹ́ àìmọye kọ̀ǹpútà káàkiri ayé. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù pàápàá ní láti ti ètò ímeèlì wọn pa. Nígbà náà kò sí òfin ní Philippines tí wọ́n lè fi dá ẹni tí ó ṣe é lẹ́jọ́, wọ́n sì fi í sílẹ̀.

Èéṣe tí àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn aṣòfin fi ṣí i? Nítorí pé ọwọ́ ẹni tí wọ́n mọ̀ ni ó ti wá, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni ó sì mú wá. Lónìí àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kò fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ nìkan wá. Wọ́n ń sọ pé ìjọba ń pín owó ìrànwọ́, pé data ọ̀fẹ́ wà, pé báǹkì yóò ti àkáǹtì wa pa lálẹ́ òní, pé ẹni tí kò bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá kò ní rí ìbùkún gbà. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ń kán wa lójú, tí ó ń dẹ́rù bà wá, tàbí tí ó ń ṣèlérí ohun tí a kò ṣiṣẹ́ fún, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ ná.

2. NÍBO NI WỌ́N TI WÁ?

Ẹni tí ó pe Mama mọ orúkọ wọn àti ìjọ wọn. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn mọ orúkọ wa kò sọ pé ó mọ̀ wá. Orúkọ Mama wà nínú ètò ìsìn tí a ya fọ́tò rẹ̀ tí a sì fi síta. Bí ẹnì kan bá pè wá pé láti báǹkì tàbí láti ọ́fíìsì ìjọ ni òun ti ń pè, kí a dúpẹ́, kí a gbé fóònù sílẹ̀, kí a sì fi ọwọ́ ara wa pe nọ́ḿbà tí a ti ní tẹ́lẹ̀. Kò sí òṣìṣẹ́ olóòótọ́ tí yóò bínú sí èyí.

Nehemáyà kọ́ wa ní nǹkan nípa ẹnubodè. Lẹ́yìn tí wọ́n mọ odi tán, kò sọ pé iṣẹ́ ti parí. Ó yan àwọn olùṣọ́, ó ní kí wọ́n má ṣe ṣí ẹnubodè títí oòrùn yóò fi mú, kí olúkúlùkù sì máa ṣọ́ iwájú ilé tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni fóònù àti kọ̀ǹpútà. Àwọn tí ó ṣe wọ́n a máa rí ihò lára wọn, wọn a sì fi àtúnṣe ránṣẹ́. Àwa a máa sọ pé data wa yóò tán, a a sì fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry wọ kọ̀ǹpútà ní orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 150. Kò dúró de ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn. Ihò tí a kò dí ni ó gbà wọlé. Ó ti gbogbo ìwé inú wọn pa, ó sì béèrè owó ìtúsílẹ̀, $300 lórí kọ̀ǹpútà kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ àti àbúrò wa ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó dí iṣẹ́ àwọn ilé ìwòsàn ìjọba lọ́wọ́ gidigidi. Wọ́n dá aláìsàn padà, wọ́n sún iṣẹ́ abẹ síwájú. Ohun tí ó bani nínú jẹ́ ni pé Microsoft ti fi àtúnṣe ihò náà síta láti oṣù Kẹta ọdún náà, nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú. Àwọn tí kò gbà á ni ó mú jù. Bí fóònù wa bá ní àtúnṣe wà nílẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí a máa sọ pé ó di ọ̀la.

3. KÍ NI OJÚ WỌN KÀN?

Ìbéèrè yìí ni ó ṣòro jù fún Hesekáyà, òun náà ni ó sì ṣòro jù fún àwa. Ẹ jẹ́ kí a ronú nípa ohun tí ó wà nínú fóònù obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa: orúkọ àti nọ́ḿbà àwọn ènìyàn, fọ́tò àwọn ọmọ nínú aṣọ ilé ìwé wọn, nọ́ḿbà àkáǹtì, àbájáde àyẹ̀wò dókítà, ọ̀rọ̀ tí ọmọ ìjọ kan fi ẹkún sọ ní òru. Mélòó nínú wọn ni tiwa?

Ẹ wo àwọn áàpù tí ń yá ènìyàn lówó. Nígbà tí a bá gbé irú rẹ̀ sórí fóònù, àwọn kan a máa béèrè àyè láti ka gbogbo nọ́ḿbà inú rẹ̀. Nítorí pé a ń wá owó, a ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Bí owó bá pẹ́, wọn a kọ̀wé sí àwọn ará wa, ọ̀gá wa àti pásítọ̀ wa pé olè ni wá. Ọ̀rọ̀ náà burú tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ ìjọba tí ń gbèjà oníbàárà, FCCPC, fi gbé ìlànà jáde ní ọdún 2022 láti kápá irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó yáwó jẹ́ ẹnì kan, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó wà nínú fóònù rẹ̀ ni ó fi ṣe onídùúró láìsọ fún wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni BVN tí Báńkì Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014, àti NIN, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ nọ́ḿbà mọ́kànlá. BVN nìkan kò lè kó owó jáde nínú àkáǹtì. Ṣùgbọ́n bí olè bá ní i, tí ó tún ní ọjọ́ ìbí wa àti nọ́ḿbà fóònù wa, ó lè fi gbogbo rẹ̀ ṣe bí ẹni pé òun ni wá. Nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí a máa kọ wọ́n fún ẹni tí ó ní òun fẹ́ pín ìrẹsì.

OJÚṢE ẸGBẸ́ WA

Àwa Mẹ́tọ́díìsì ni ó yẹ kí a mọ ọ̀rọ̀ yìí jù. Nígbà tí John Wesley àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dá kíláàsì sílẹ̀ ní Bristol ní ọdún 1742, ọ̀rọ̀ gbèsè ilé ìpàdé ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: kí olúkúlùkù máa dá kọ́bọ̀ kan lọ́sẹ̀, kí olórí sì máa lọ gbà á lọ́wọ́ ènìyàn bí méjìlá. Nígbà tí olórí ń wọ ilé dé ilé, ó rí bí àwọn ènìyàn ti ń gbé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ọkàn wọn fún un. Báyìí ni kíláàsì di ibi ìtọ́jú ọkàn. Kò bá má rí bẹ́ẹ̀ bí olórí bá ń tú àṣírí wọn sí ìgboro. Gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ẹnu ń sọ.

Lónìí, ìwé tí a kọ orúkọ, ọjọ́ ìbí, nọ́ḿbà fóònù àti àkáǹtì gbogbo wa sí ni a ń ya ní fọ́tò tí a sì ń jù sórí WhatsApp. Ẹ̀bẹ̀ àdúrà obìnrin tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀ ni a ń fi ránṣẹ́ láti ẹgbẹ́ kan sí òmíràn, títí ìyá ọkọ rẹ̀ yóò fi kà á kí òun fúnra rẹ̀ tó sọ ọ́. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ fáírọ́ọ̀sì. Ọwọ́ wa ni.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí òfin tí ń dáàbò bo ìsọfúnni àwọn ènìyàn ní Nàìjíríà. Òfin náà sọ pé ẹni tí a kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí a kọ, láti ní kí a tún un ṣe, àti láti mọ ohun tí a fẹ́ fi ṣe. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó di òfin ìjọba kí a tó pa àṣírí ara wa mọ́.

OHUN TÍ A Ó MÁA ṢE

1. Nọ́ḿbà tí báǹkì tàbí WhatsApp bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù wa, a kò ní kà á fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe bíṣọ́ọ̀bù ni ó béèrè. PIN pẹ̀lú bẹ́ẹ̀.

2. Kí a fi àgádágodo kejì sí WhatsApp. Nínú Settings, ẹ tẹ Account, kí ẹ sì wá Two-step verification. Nọ́ḿbà mẹ́fà tí ẹ bá yàn níbẹ̀ ni olè kò ní mọ̀. Ẹ má ṣe fi ọdún ìbí yín ṣe é.

3. Bí ẹnì kan nínú wa bá kọ̀wé béèrè owó, kí a pè é kí a gbọ́ ohùn rẹ̀ kí a tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́.

4. Kí akọ̀wé ní ẹ̀dà ìwé ẹgbẹ́ sí ibi méjì, kí ọ̀kan má ṣe wà lórí fláàṣì tí ó ń jáde. Bí a bá fẹ́ tẹ ìwé níta, kí a mú ìwé kan ṣoṣo náà lọ.

5. Bí a bá ń kí ara wa kú ọjọ́ ìbí, kí a kọ ọjọ́ àti oṣù, kí a fi ọdún sílẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ àdúrà, kí a gba àyè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín.

6. Bí olè bá ti gba WhatsApp wa, kí a tún fi nọ́ḿbà wa wọlé, kí a lo nọ́ḿbà mẹ́fà tuntun tí yóò wọlé. Èyí yóò lé olè jáde. Bí ó bá béèrè PIN tí a kò mọ̀, a ó dúró ọjọ́ méje, ṣùgbọ́n olè náà ti jáde. Bí ó bá kan owó, kí a pe báǹkì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni ìkeje: KÍ A TÈTÈ SỌ Ọ́. Mama kò ṣẹ̀ nígbà tí wọ́n ka nọ́ḿbà náà. Ẹ̀tàn ni wọ́n fi mú wọn, ó sì ti mú àwọn tí ó kàwé jù wá lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti sọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́, owó ilé ìwé ọmọ opó náà ìbá wà nílẹ̀. Àwa náà sì ní ẹ̀bi. A ti ń fi àwọn àgbà tí kò mọ fóònù lò rẹ́rìn-ín nínú ìpàdé, bóyá ìdí nìyẹn tí ẹnu fi wúwo fún wọn. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti ń fi ẹni rẹ́rìn-ín, ta ni yóò sọ níbẹ̀ pé kòkòrò ń jẹ òun? Ẹgbẹ́ wa ti dá owó opó náà padà fún un. Mama fúnra wọn ni wọ́n dìde ní ìpàdé tí ó tẹ̀ lé e, tí wọ́n sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí wọ́n sì ní kí a kọ ọ́ sínú ìwé yìí kí ẹlòmíràn lè rí i kọ́gbọ́n.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Èéṣe tí Hesekáyà fi gba àlejò náà gbọ́? Ìgbà wo ni àwa náà máa ń tètè gba àjèjì gbọ́?

2. Ta ni ó ń tọ́jú ìwé orúkọ ẹgbẹ́ wa? Àwọn wo ni ó lè rí i?

3. Ǹjẹ́ a ti fi ẹ̀bẹ̀ àdúrà ẹnì kan ránṣẹ́ láìgba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ rí? Kí ni kí a ṣe sí i?

4. Bí olè bá gba fóònù ọ̀kan nínú wa lálẹ́ òní, ta ni yóò kọ́kọ́ sọ fún?

Iṣẹ́ ṣíṣe: Kí àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí ó mọ̀ ọ́n jókòó ti àwọn ìyá lẹ́yìn ìpàdé, kí a bá wọn fi àgádágodo kejì sí WhatsApp wọn kí wọ́n tó lọ sílé. Kí ìyá kọ̀ọ̀kan yan nọ́ḿbà náà fúnra rẹ̀, kí ẹni tí ń ràn án lọ́wọ́ sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

ÀDÚRÀ

Olúwa, ìwọ tí o mọ gbogbo àṣírí wa tí o kò sì fi wá ṣẹ̀sín, kọ́ wa láti pa àṣírí ara wa mọ́. Fún wa ní ọgbọ́n ní ẹnubodè ilé wa. Tu àwọn tí a ti jà lólè nínú. Gba ìtìjú kúrò lọ́kàn wa, kí a lè tètè ké pe ara wa nígbà ewu. Yí ọkàn àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí padà, nítorí ọmọ obìnrin kan ni àwọn náà. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.